Wàhákà Kì Í Ṣe Wàhálà: Ṣé Ìlú Oaxaca Ṣe é Gbé?

Ìbéèrè

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston lèmi àti ìyàwó mi ń gbé, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Ọ̀rẹ́ wa kan lọ sí ìlú Oaxaca ní Mẹ́síkò fún ọ̀sẹ̀ kan péré, àtìgbà tó ti dé, kò sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ó ní ká ta ilé wa, ká lọ ra òmíràn síbẹ̀, ká máa jayé orí wa. Mo gbọ́ pé ẹ ti pẹ́ níbẹ̀. Kí ló wà nínú ìlú náà gan-an? Ṣé aláwọ̀ dúdú lè fọkàn balẹ̀ níbẹ̀? Ìyàwó mi ní kí n má gbàgbé láti béèrè bóyá ẹ̀ ń rí oúnjẹ wa jẹ."

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí ìyàwó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe orúkọ ìlú náà dáadáa, torí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kọ́ ni wọ́n ń pè é: Wàhákà ni. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé ibẹ̀ ni mò ń lọ, wàhálà ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín sọ, ìdáhùn mi kò gùn: ẹ má ta ilé kankan. Ẹ lọ o. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó dárúkọ ilé rárá, kí ìkejì má sì bọ́ sí àsìkò ọdún. Mo máa sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n ti ibi tó korò bẹ̀rẹ̀, torí èmi fúnra mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ní mo fẹ́ lò nígbà tí mo lọ lọ́dún 2015. Mo ṣì wà níbẹ̀.

Aró ló gbé mi lọ. Ọmọ aláró ni mí, ní Ìtokú l'Abẹ́òkúta, owó àdìrẹ ni wọ́n fi rán mi níléèwé. Mo ti gbọ́ pé àwọn ahunṣọ wà ní Teotitlán del Valle, abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú náà, tí wọ́n ń fi ẹlú pa irun àgùntàn láró, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí i. Mo bá ẹlú níbẹ̀ lóòótọ́. Añil ni wọ́n ń pè é, òórùn ìkòkò rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ìyá mi. Àmọ́ pupa ló dá mi dúró. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí wọ́n ń pè ní nopal, ó jọ ọrọ́ tiwa. Kòkòrò kéékèèké ń gbé lára ewé rẹ̀, nǹkan funfun bíi lẹ́búlẹ́bú bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá tó gbà mí lálejò mú ẹyọ kan, ó fi lé mi ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ó fọ́, ọwọ́ mi sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, pupa náà ṣí, ó dà bí epo pupa tuntun. Ó bu ẹfun díẹ̀ sí i, ó di elésè àlùkò. Orí àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ aláró ni mí, ẹnu mi kò lè padé.

Kòkòrò yẹn, cochinilla, òun ló sọ Oaxaca di ọlọ́rọ̀ láyé àwọn Sípéènì. Yàtọ̀ sí fàdákà, kò sí ọjà tó ń mówó wọlé fún wọn láti Mẹ́síkò tó o. Aṣọ àwọn ọba àti àwọn kádínà ní Yúróòpù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba pupa rẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì Santo Domingo, tẹ́ ẹ gbójú sókè, tẹ́ ẹ rí wúrà tí wọ́n fi bo àjà látòkè délẹ̀, ẹ rántí àwọn obìnrin abúlé tí wọ́n ń fi ìrù ẹranko gbá kòkòrò kúrò lára ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò tóbi. Òkè ló yí i ká, ó sì ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,550, ìdí nìyẹn tí ooru ibẹ̀ kì í fi í pani bíi ti Houston. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1532 ni ọba Sípéènì fún un ní oyè ìlú. Antequera lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1987 ni UNESCO kọ àárín ìlú náà pẹ̀lú ahoro Monte Albán sínú ìwé ogún àgbáyé. Àmọ́ òkúta rẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Òkúta aláwọ̀ ewé ni, tí wọ́n gbẹ́ láyìíká ibẹ̀. Tí oòrùn bá mú, eérú lásán lẹ máa rí. Ẹ dúró de òjò. Tí òjò ìrọ̀lẹ́ oṣù Keje bá ti dá, ògiri gbogbo á tutù yọ̀yọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan nínú omi.

Ẹ ó tún kíyè sí i pé ilé ibẹ̀ kò ga. Ògiri nípọn, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kúrú, ó sì fẹ̀ nídìí bí ìyá àgbà tó jókòó sórí àpótí. Kì í ṣe pé owó tán lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló máa ń mì. Ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 1931 fọ́ ìlú náà yángá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kó ẹrù wọn lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìlú náà pé irinwó ọdún, wọ́n sì pe gbogbo ẹ̀yà tó wà ní ìpínlẹ̀ náà jọ láti wá jó. Ìyẹn ló di ọdún Guelaguetza tí wọ́n ń ṣe lórí òkè Fortín ní ọjọ́ Ajé méjì nínú oṣù Keje. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn, torí ijó tí àwọn àlejò ń san owó láti wò yẹn kọ́ ni guelaguetza gan-an.

Monte Albán, ẹ fún un ní àárọ̀ kan. Àwọn Zapotec, ẹ̀yà ìbílẹ̀ ibẹ̀, ti ń gbé orí òkè yẹn láti nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú ìbí Jésù. Wọ́n gé orí òkè náà, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹní. Wúrà àti ìlẹ̀kẹ̀ tí Alfonso Caso bá nínú ibojì keje lọ́dún 1932 kò sí níbẹ̀ mọ́, inú mùsíọ̀mù tó fara ti Santo Domingo ló wà. Ẹ dé fìlà.

Ibi méjì tí àwọn àlejò kì í kà sí ni mo máa ń mú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lọ. Èkíní ni ilé kékeré kan ní òpópónà García Vigil. Lọ́dún 1818, ọmọ Zapotec kan tó jẹ́ ọmọ òrukàn, ọmọ ọdún méjìlá, fẹsẹ̀ rìn wá sí ìlú láti abúlé Guelatao lórí òkè. Kò gbọ́ Sípáníìṣì. Ọkùnrin kan tó ń di ìwé ló gbà á sílé, ó ń ṣiṣẹ́ fún un, ó sì ń kàwé. Ọmọ náà ni Benito Juárez, tó di ààrẹ Mẹ́síkò. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi kún ti ìlú náà: Oaxaca de Juárez. Tábìlì tí wọ́n ti ń di ìwé wà níbẹ̀ fún yín láti rí.

Èkejì kan ìbéèrè yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ wọ takisí lọ sí Cuilápam, kò tó wákàtí kan. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà níbẹ̀ tí kò ní òrùlé, òpó rẹ̀ tò lọ rẹrẹ lábẹ́ sánmà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Vicente Guerrero ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1831. Guerrero jẹ́ ààrẹ Mẹ́síkò lọ́dún 1829, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀, òun ló sì kéde òpin oko ẹrú ní orílẹ̀-èdè náà lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ ronú ọdún tí Amẹ́ríkà tó ní ààrẹ aláwọ̀ dúdú. Mo ti jókòó nínú ọgbà yẹn nígbà púpọ̀, tí kò sí ju èmi àti àwọn ẹyẹlé lọ.

Ṣé aláwọ̀ dúdú lè fọkàn balẹ̀? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n á wò yín. Wọ́n á bi yín bóyá Kúbà lẹ ti wá. Ọmọdé á fẹ́ fọwọ́ kan irun ìyàwó yín. Wọ́n á pè yín ní moreno àti morena, ìyẹn adúláwọ̀, kì í ṣe èébú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ ará ìlú yẹn kò mọ̀ pé àwọn èèyàn dúdú tó jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò gidi wà ní ìpínlẹ̀ wọn fúnra wọn, ní Costa Chica létí òkun, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó wá látìlẹ̀ Áfíríkà. Ọdún 2019 ni òfin orílẹ̀-èdè náà tó dárúkọ wọn. Ọdún 2020 ni ìkànìyàn tó bi gbogbo ènìyàn bóyá ọmọ Áfíríkà ni wọ́n ka ara wọn sí, ó sì lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2024 ti mú kí etíkun sún mọ́ wa; Puerto Escondido tó jẹ́ ìrìnàjò òkè àti èébì tẹ́lẹ̀ ti di bíi wákàtí mẹ́ta. Láti ibẹ̀, ẹ lè gba etíkun lọ sí ọ̀dọ̀ wọn.

Ó yá, oúnjẹ àti ìgbé ayé. Ládùúgbò mi, agogo mẹ́fà àárọ̀ ni ẹ̀rọ ìlọgbàdo máa ń bẹ̀rẹ̀ ariwo, àwọn obìnrin á sì ti tò pẹ̀lú garawa. Àgbàdo inú garawa náà ni wọ́n ti sè pẹ̀lú ẹfun òkúta, tó sì ti sùn mọ́jú nínú omi náà. Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ ra á, èèpo rẹ̀ á máa yọ̀ kúrò. Àgbàdo ògì tiwa, ó di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta kó tó kan. Tiwọn kì í kan, ẹfun ló ń ṣe iṣẹ́ náà lóru ọjọ́ kan. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ tò sórí ìlà yẹn pẹ̀lú garawa tèmi ni ẹnì kan ládùúgbò tó kí mi tórúkọtórúkọ. Oṣù mẹ́rin ni mo ti lò kó tó ṣẹlẹ̀. Títí dìgbà yẹn, àlejò tó ń ya fọ́tò ni mo jẹ́ lójú wọn, wọn ò sì jẹ̀bi.

Ní ọjà, ẹ wá obìnrin tó ń ta tejate. Àgbàdo, kòkó, kóró èso mamey àti òdòdó igi kan ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀. Obìnrin náà á ti ọwọ́ bọ abọ́ amọ̀ ńlá títí dé ìgbọ̀nwọ́, á máa pò ó, á máa da omi tútù sí i látòkè, títí ìfófó funfun á fi bò ó lójú. Igbá ni wọ́n fi ń bù ú fúnni, igbá gidi tí wọ́n kùn ní pupa, àmọ́ orí igi ni tiwọn ti ń so, kì í ṣe ìtàkùn bíi tiwa. Ẹ mu ún lórí ìdúró. Bó bá kọ́kọ́ dà bí ohun tí kò dùn, ẹ tún un mu lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n kì í fi oúnjẹ wọn ṣeré. Lọ́dún 2002, McDonald's fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ sí zócalo, ojúde tó wà láàárín ìlú gan-an. Ayàwòrán Francisco Toledo, tó ti dolóògbé lọ́dún 2019, kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n sì ń pín tamales lọ́fẹ̀ẹ́ lójúde náà. Tamales yẹn, ẹ̀kọ ni kẹ́ ẹ pè é, wọ́n pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹran àti ọbẹ̀ wà nínú. Ìjọba ìlú kò fún ilé iṣẹ́ náà láṣẹ. Mo mọ ìlú tó pọ̀ tí wọ́n ti ja irú ìjà yẹn pẹ̀lú òkò, n kò mọ òmíràn tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ jà á.

Guelaguetza wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Zapotec ni. Bí mo bá ní ìnáwó, ẹ ó gbé tòlótòló kan wá, ẹlòmíràn á gbé kòkó, ẹlòmíràn á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tòtíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ. Ẹnì kan á jókòó pẹ̀lú ìwé, á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí dórí ìwọ̀n tòlótòló. Bó bá kan yín, bó tilẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún, mo gbọ́dọ̀ gbé tiyín wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àáró, tẹ́ ẹ sì mọ ìwé tí wọ́n fi ń kọ owó níbi ìnáwó òkú àgbà nílé wa, kò sí àlàyé tí mo fẹ́ ṣe fún yín. Wọ́n tún ní tequio, iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ìlú tí kò sí owó níbẹ̀. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 570 tó wà ní ìpínlẹ̀ Oaxaca, ó lé ní irinwó tí wọ́n ń yan olórí wọn nípa àṣà ìlú, láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú. Kí èèyàn tó jẹ olórí, ó ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ọlọ́pàá abúlé, kó gbá ilé ìjọsìn, kó ṣe iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́pọ̀ ọdún.

Mo sọ èyí torí pé òun ló mú mi dúró, òun náà ló sì lè lé yín. Ẹni tó bá fẹ́ fara pamọ́ sínú ilé ẹlẹ́wà, kó máa mu mezcal, ọtí ibẹ̀, kó má mọ orúkọ aládùúgbò, á rí ilé, á rí mezcal, á sì máa dá wà. Mo ti rí wọn. Ọdún méjì ni wọ́n máa ń lò.

Ní báyìí, ibi tó korò. Omi ni àkọ́kọ́. Láti oṣù Kẹta títí òjò oṣù Karùn-ún, omi ẹ̀rọ lè má wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tánkà omi lẹ ó máa pè, ẹ̀yin àti gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó dàgbà sí Nàìjíríà mọ bí wọ́n ṣe ń fi garawa kan wẹ̀, ẹ̀rù kò ba yín, àmọ́ ẹ béèrè bí táńkì omi abẹ́ ilé ṣe tóbi tó kẹ́ ẹ tó san owó ilé. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wá lẹ́ẹ̀kejì nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wá ní ìparí oṣù Kẹwàá, kẹ́ ẹ rí ọjọ́ àwọn òkú: òdòdó cempasúchil tó pọ́n bí òwúrọ̀ lójú gbogbo ọ̀nà, àti àwọn ìdílé tó ṣọ́ ibojì mọ́jú pẹ̀lú àbẹ́là ní Xoxocotlán, ìlú kékeré tó wà nítòsí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá lóṣù Kẹrin, kí ìlú náà gbẹ lójú yín.

Ariwo wà. Báńgà tí wọ́n ń yìn sókè fún ẹni mímọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kì í dúró de kí ilẹ̀ mọ́. Àwọn olùkọ́ máa ń pàgọ́ sí zócalo, àwọn ará abúlé máa ń dí ọ̀nà tí wọ́n bá ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú méjì tí wákàtí méjì péré wà láàárín wọn. Ilẹ̀ náà sì ń mì lóòótọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá lù, fèrè ìkìlọ̀ dún, mo jáde pẹ̀lú ìró àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Òpó iná ń fì bí igi ọ̀pẹ nínú ìjì. Ìlú wa yè bọ́, àmọ́ Juchitán ní apá ìlà oòrùn wó lulẹ̀.

Owó ilé wá ni ọgbẹ́ àìpẹ́ yìí. Onílé mi àkọ́kọ́ fún mi ní oṣù kan péré kí n kó jáde, ó fẹ́ máa fi ilé náà gba àlejò ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Mo bínú. Ṣùgbọ́n ta ni èmi? Ìyá tó ń gbé ibẹ̀ kí n tó dé, ibo ló lọ? Lóṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ wọ́de ní àárín ìlú lòdì sí bí àwọn àjèjì ṣe ń sọ ilé di ọ̀wọ́n. Mo dúró létí ọ̀nà, mo ń wò wọ́n, n kò mọ apá ibi tó yẹ kí n dúró sí.

Torí náà, ẹ yá ilé gbé fún ọdún kan. Ilé àtijọ́ àárín ìlú, ẹ kò lè yí fèrèsé rẹ̀ padà láìgba àṣẹ INAH, àjọ tó ń ṣọ́ ohun àtijọ́. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ìlú sì léwu jù: púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ gbogbo ìlú tí òfin kò gbà kí wọ́n tà fún àjèjì, àwọn kan sì ń tà á bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ ọmọ onílẹ̀. Wọ́n ní tiwọn.

Ìwé ìrìnnà kò le. Tẹ́ ẹ bá ní ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà tàbí físà rẹ̀ tí kò tíì kú, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò nílò físà Mẹ́síkò. Wọ́n lè fún yín tó 180 ọjọ́. Láti gbé ibẹ̀, Mẹ́síkò ní kọ́ńsúlù ní Houston yín níbẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti fi owó tó ń wọlé tàbí èyí tẹ́ ẹ tọ́jú hàn. Tẹ́ ẹ bá wọlé pẹ̀lú físà ìgbélùú náà, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti lọ gba káàdì. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni, ó ṣe é sọ dọ̀tun títí dé ọdún mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ló kù. Iṣu àti èlùbọ́, n kò rí i rí ní Central de Abastos, ọjà ńlá ìlú náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà rẹpẹtẹ, ata rodo wà, habanero ni wọ́n ń pè é. Sobo wà lórí gbogbo tábìlì, wọ́n sọ ọ́ ní jamaica. Edé gbígbẹ ń bọ̀ láti Istmo, ní apá ìlà oòrùn ìpínlẹ̀ náà. Èyí tí inú ìyàwó yín máa dùn sí jù ni kóró elégédé tí wọ́n ń tà ní kílò kílò, pepita: ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é bí ẹ̀gúsí, ẹ fi edé yẹn sí i. Mo gbé ìkòkò kan lọ fún aládùúgbò mi nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣègbéyàwó. Ó tọ́ ọ wò, ó béèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi bírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ àwọn tòlótòló: egusi, ìkòkò kan.